Ẹ̀yin Ìyá Wa, Ẹ Má Gba Ajá Tí Kò Ní Káàdì

Nọ́ọ̀sì yín ni o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ṣèlérí fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, kódà bí yóò bá bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ọmọ wa kan wà ní Èkó, ó ríṣẹ́, ó ra ajá òyìnbó kékeré, irú èyí onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní Lhasa. Ó ra ìkejì kí àkọ́kọ́ má baà dá wà. Kó tó mọ̀, wọ́n ti di mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, físà jáde, ó ń lọ sí Kánádà tàbí ìlú ọba. Kò lówó tó máa fi gbé ajá mẹ́rin wọ bàálù, kò sì fẹ́ tà wọ́n. Ta ni yóò kó wọn fún? Màmá ni. Wọ́n á kó wọn sínú páálí, wọ́n á gbé páálí sẹ́yìn mọ́tò, ó di Ìrẹ̀lẹ̀. Màmá sì ti ní ajá tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, Bíńgò, tó ti ń ṣọ́ ilé fún ọdún mẹ́fà, tí kò rí abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Wọ́n á ṣí páálí náà sí àárín àgbàlá, àwọn ọmọ-ọmọ á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Kánádà.

Mo bẹ̀ yín, ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Nílé kan tí n kò ní dárúkọ, ọjọ́ kẹta ni ìjà dé. Orí abọ́ oúnjẹ ni. Ajá ilé bu ọ̀kan nínú àwọn àlejò jẹ lọ́rùn, àwọn mẹ́ta tó kù dà bò ó. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ki ọwọ́ bọ àárín wọn kó lè fa èyí tó fẹ́ràn jù yọ. Eyín wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú méjì. Kò sẹ́ni tó mọ èwo nínú ajá márààrún ló bù ú jẹ. Ìyá àgbà bu epo pupa sí i, ó fi aṣọ dì í. Aládùúgbò kan ní kó gé irun ajá, kó sun ún, kó fi eérú rẹ̀ sójú egbò. Ó ṣe ìyẹn náà. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó mú ọmọ wá bá mi, nítorí pé ọwọ́ wú. Nígbà yẹn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ti lu ajá ilé pa, wọ́n ti gbé e sọ sígbó. Ọ̀kan nínú àwọn kékeré náà ti sá lọ, a kò rí i mọ́ títí dòní.

Ẹ wo ohun tí lílù pa yẹn ṣe fún wa. Bí ajá tó bu ènìyàn jẹ bá wà láàyè, tí a sé e mọ́, tí a ń fún un lóúnjẹ tí a sì ń wò ó fún ọjọ́ 10, tí kò kú, tí ìwà rẹ̀ kò yí padà, a mọ̀ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ènìyàn jẹ. Èyí tí wọ́n ti pa sọ sígbó ńkọ́? Èyí tó sá lọ ńkọ́? Kí la fẹ́ wò lára wọn? Ọmọ yẹn ní láti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, ìyá rẹ̀ sì yá owó kó tó lè ṣe é. Ọmọ náà wà, ara rẹ̀ yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kọjá níwájú ilé wọn láìjẹ́ pé mo níṣẹ́ kankan níbẹ̀, kí n ṣáà lè rí i pé ó ń ṣeré.

Kí ló dé tí ẹ̀rù fi bà mí tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí ẹni tí dìgbòlugi mú, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan ni, géńdé. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, bí a bá sì gbé ife dé ẹnu rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á há, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n, á ti ife dànù. Bí afẹ́fẹ́ fáànù bá fẹ́ sí i lójú, bákan náà ni. Orí rẹ̀ pé, ó mọ ìyàwó rẹ̀, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kú kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Ọ̀gá wa sọ fún wa lọ́jọ́ tó dé pé kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a tọ́jú rẹ̀ kí ìrora dín kù. Òótọ́ ló sọ. Bí àmì dìgbòlugi bá ti jáde lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo, ní Òkìtìpupa, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbikíbi. Ajá tó gé ọkùnrin yẹn jẹ, ó ti lé lóṣù méjì, egbò ti jinná, ó ti gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Kòkòrò náà wà nínú itọ́ ajá. Ó gba ojú egbò wọlé, ó sì ń rọra gba ojú iṣan lọ sí ọpọlọ. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan péré, nígbà mìíràn ọdún kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń bá a lọ lọ́dọọdún, ilẹ̀ Éṣíà àti ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ló sì pọ̀ jù sí. Nínú 100 tó ń kú, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Nínú mẹ́wàá tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bù jẹ, mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àìsàn tó burú tó yìí ní abẹ́rẹ́. Ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ yìí ní Paris lẹ́yìn tí ajá dìgbòlugi ti bù ú jẹ yánnayànna. Ọmọ náà yè, ó dàgbà. Ó ti lé ní 130 ọdún. Ìdí wo ló fi yẹ kí ọmọ Ìrẹ̀lẹ̀ ṣì máa kú ohun tí ọmọ Faransé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láyé àwọn bàbá-ńlá wa?

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín nípàdé. Wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, ajá kékeré ni, kí ni eyín rẹ̀ fẹ́ ṣe?” Ẹ gbọ́ o. Kòkòrò yìí kì í wo ìwọ̀n ajá. Ká sòótọ́, ojú tí mo fi ń wo ajá kékeré le ju èyí tí mo fi ń wo ajá ńlá lọ, nítorí bí ajá ńlá bá gé ọmọ jẹ, gbogbo ilé á gbé e dìde, wọ́n á wá ọ̀kadà lóru. Bí èyí tó kéré bá fi eyín họ ọ́, wọ́n á ní “kò jinlẹ̀”, wọ́n á nu ún nù. Ọmọdé kì í sì í gbé Bíńgò mọ́ra. Èyí onírun jọ̀wọ̀lọ̀ ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ kan ẹnu. Ojú, ètè àti ọrùn ló ń bù wọ́n jẹ sí, ibẹ̀ ló sì sún mọ́ ọpọlọ jù, tí àìsàn náà fi ń yára débẹ̀. Bó bá lá ojú egbò tó ṣí sílẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn.

Àwọn mìíràn á ní ajá tiwa ti ń wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé láìgba abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé òun nìkan ló dá wà lágbàlá rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ ti kó mẹ́rin wá bá a láti ibi tí ẹ kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ajá tó bù wọ́n jẹ lóṣù tó kọjá. Ajá tó ti kó dìgbòlugi lè rìn kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àní oṣù mélòó kan, láìfi àmì kankan hàn. Á máa jẹun, á máa ju ìrù.

Àwọn àgbà kan á sì ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n fi ajá rán nǹkan sí ọmọ ni. Ẹ̀yin bàbá mi, n kò rí yín fín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ wa yìí. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, láàárín ọjọ́ kan wọ́n ti lọ. Àwọn kan ní Málòkun ló ń bínú pé wọ́n wọ ojúbọ òun. Ìròyìn wa gba ayé kan. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, methanol ni, májèlé inú ògógóró. Ní gbogbo ọjọ́ tí a fi ń bi ara wa léèrè ẹni tó ṣẹ òrìṣà, ògógóró yẹn ṣì wà nínú ìgò. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ọmọ tí ajá bù jẹ, ẹ fi ọṣẹ fọ egbò rẹ̀ ná, ẹ máa gbàdúrà lọ nínú mọ́tò.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, tàbí ó họ ọ́, kíá ni kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 15 gidi, kì í ṣe kí ẹ ṣáà da omi lé e. Kí ẹnì kan máa fi kétùlù bu omi sí i, kí ẹlòmíràn máa fọ̀ ọ́. Ọmọ á ké, ẹ jẹ́ kó ké. Ọṣẹ ń pa kòkòrò yẹn. Ẹ kò gbọdọ̀ fi epo, ata, kẹrosíìnì, ọ́yìlì mọ́tò tàbí eérú irun ajá sí i. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fóònù ṣáájú kí ẹ tó gbéra, ẹ bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wà níbẹ̀, kí ẹ má baà náwó ọkọ̀ lásán. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ yìí. Ọjọ́ tí ẹ dé ibẹ̀ ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọjọ́ kẹta, ìkeje, ìkẹrìnlá, ilé ìwòsàn mìíràn á sì fi ìkejìdínlọ́gbọ̀n kún un. Bí egbò bá jinlẹ̀, wọ́n á tún fún un ní oríṣi kan sójú egbò gan-an. Ẹni tó gba méjì, tó ní ara òun ti yá, tó dá ìyókù dúró, òun ni mo máa ń lọ bá nílé rẹ̀ láìpè mí.

Ó ku ọ̀nà tí ẹ máa gbà kó àwọn àlejò yìí wọlé. N kò ní kí ẹ má gbà wọ́n. Ajá tó ti dàgbà, tí olówó rẹ̀ rìnrìn àjò tó fi sílẹ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, kò sì sí ohun tó burú nínú pé ìyá àgbà ní nǹkan tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Mo ní kí ó ní káàdì. Kí wọ́n tó gbéra ní Èkó ni kí ẹ ti bèèrè. Káàdì tí dókítà ẹran fọwọ́ sí, tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, tí kò tíì lé ní ọdún kan. Èyí tó gbà nígbà tó wà lọ́mọ ajá lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ má kà á sí. Bí kò bá ní, kó gbà á ní Èkó, kó sì dúró níbẹ̀ fún oṣù kan, nítorí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nílò nǹkan bí oṣù kan kó tó dúró dáadáa lára. Bíńgò náà gbọ́dọ̀ gbà á. Èyí ni àwọn ọmọ wa máa ń gbàgbé. Wọ́n á tọ́jú ajá òyìnbó, wọ́n á fi ti màmá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń rìn káàkiri tó ń bá ajá ìgboro jà.

Ẹ má ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kó o sínú báàgì tó ń rìn lójúlé dé ojúlé nínú oòrùn. Inú yìnyín ni abẹ́rẹ́ yìí ń gbé. Bó bá ti gbóná, omi lásán ni. Wọ́n ń ṣe ti ajá nílẹ̀ wa níbí, ní Vom lẹ́bàá Jos, nílé ìwádìí ìjọba lórí àìsàn ẹran tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ohun òyìnbó tí ọwọ́ kò lè tó ni.

Bí wọ́n bá dé, ẹ má ṣí páálí láàárín àgbàlá. Ẹ fi wọ́n sí yàrá tàbí ẹ̀yìnkùlé tí Bíńgò kò lè dé, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ máa wo ìwà àti ìgbẹ́ wọn. Ẹ fún gbogbo wọn lóògùn aràn, ẹ bọ́ eégbọn ara wọn. Kí wọ́n máa gbóòórùn ara wọn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó bá yá, ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹlòmíràn mú Bíńgò pẹ̀lú okùn tirẹ̀, kí ẹ jọ rìn lójú ọ̀nà níta, níbi tí kò sí ẹni tó ni ín nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú ìkejì. Ajá mẹ́rin tó ti mọra tẹ́lẹ̀, ọmọ ogun ni wọ́n lójú ẹni tó dá nìkan wà. Inú ilé rẹ̀ ni ẹ sì kó wọn wọ̀, báwo ni kò ṣe ní jà? Kí abọ́ oúnjẹ kálukú jìnnà síra, kí Bíńgò kọ́kọ́ jẹ níbi tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀ kí àwọn yòókù máa rìn yí i ká, ajá tí wọ́n so tí kò rọ́nà sá lọ ló ń gé ènìyàn jẹ jù.

Bí wọ́n bá jà, ẹ da omi lù wọ́n, tàbí kí ẹ lu báàsì irin gbà-gbà-gbà. Ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ àárín ajá tó ń jà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí kí wọ́n mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn. Mo ń gbọ́ àwọn tó ń sọ pé “ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á tán, wọ́n á mọ ọ̀gá.” Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ọmọdé nílé nìyẹn.

Ìgbẹ́ wọn ńkọ́? Ẹ máa kó o lójoojúmọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Aràn inú rẹ̀ ń wọ ẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà.

Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi tẹ́lẹ̀ pé kí a kúkú ta wọ́n fún àwọn tó ń pa ajá. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń jẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, a mọ ara wa, àwọn tó ń bọ Ògún náà sì ní ìdí wọn. Ṣùgbọ́n ajá tí ara rẹ̀ kò dá tí ẹ lé jáde nílé yín kò kúrò láyé. Ọmọ ẹlòmíràn ló ń dúńbú rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ tó ti bó la orí rẹ̀, inú ọpọlọ sì ni kòkòrò yẹn kún sí jù.

Sí ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, nítorí mo mọ̀ pé ẹ máa rí èyí: ẹ ṣeun tí ẹ ń fi owó oúnjẹ ajá ránṣẹ́. Ṣé ẹ lè gbé ajá yẹn wọ Kánádà tàbí ìlú ọba láìní ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi? Ẹ mọ ìdáhùn. Kí ló wá dé tí ẹ fi gbé e wọ ilé ìyá yín láìní in? Ṣé ilé ìyá yín kò tó ìlú ni?

Sí àwọn tó ní owó kò sí: mo mọ̀. Owó abẹ́rẹ́ ajá kan lọ́dún kò sún mọ́ ohun tí ẹ máa ná lórí ọmọ kan tí ajá bù jẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin ń dá àjọ fún aṣọ ẹbí, ẹ ń dá a fún òkú. Ẹ jẹ́ kí a dá a fún èyí náà, kí a pe dókítà ẹran wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí gbogbo ajá àdúgbò pé jọ. Bí ajá méje nínú mẹ́wàá nílùú bá ti gbà á, àìsàn náà kì í rí ibi gbà kọjá mọ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, WHO àti àwọn alájọṣe rẹ̀ sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má kú dìgbòlugi ajá mọ́ tó bá fi máa di 2030. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá káńsẹ́lọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà ìbò, ẹ bi í léèrè ibi tí abẹ́rẹ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹ bi í níwájú gbogbo ènìyàn.

Kí ó tó di ìpàdé ọjọ́ Sátidé, kí ìyálé ilé kọ̀ọ̀kan ka ajá tó wà lágbàlá rẹ̀, ti ìlú àti ti òyìnbó, kí ó kọ iye wọn àti iye tó ní káàdì ránṣẹ́ sí mi lórí nọ́ńbà yìí. Bí kò bá sí èyí tó ní in, ẹ kọ òdo, n kò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tí ajá ti bù jẹ láàárín oṣù mẹ́ta yìí, tàbí ọmọ rẹ̀, tí kò tíì rí ẹnikẹ́ni, kó má dúró de Sátidé. Kó pè mí lálẹ́ yìí.